Ohun Tí N Kò Jẹ́ Kó Kúrò Lọ́wọ́ Mi Mọ́

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí mo gúnlẹ̀ ni wọ́n tó gbé àpótí mi wá bá mi. Awakọ̀ tí ó gbé e wá kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó ní kí n fọwọ́ síwèé, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo gbé àpótí náà lé orí ibùsùn, mo rí i pé síìpù rẹ̀ padé dáadáa, pé àgádágodo kékeré tí mo fi tì í ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe fi í sílẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀. Mo ṣí i. Aṣọ wà níbẹ̀, bàtà wà níbẹ̀, ìwé méjì tí mo fẹ́ kà wà níbẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ dúdú tí mo ki aago ọwọ́ bàbá mi bọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀ láti ẹnu dé ìdí. Mo tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo gbọ̀n ọ́n, bí ẹni pé aago lè há sára òwú.

Mo mọ ohun tí púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí fẹ́ bi mí: kí ló gbé aago bàbá ẹni dé inú àpótí tí wọn yóò kó sí ikùn bàálù? Èmi náà ti bi ara mi, ìdáhùn rẹ̀ kò sì níyì. Nígbà tí mo ń di ẹrù, àpò ọwọ́ mi ti kún, ilẹ̀ ti ń mọ́, mo sì rò pé ibi tí mo bá ti fi kọ́kọ́rọ́ tì ni ibi tó láàbò jù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹrù inú bàálù ro àròjinlẹ̀. Mo ka òfin rẹ̀, mo bi àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ọn léèrè, mo sì wá rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgádágodo ni mo ṣì. N kò mọ ọ̀nà tí ẹrù ń gbà lẹ́yìn tí a bá ti fi í lé wọn lọ́wọ́, nítorí náà n kò mọ irú nǹkan tí kò yẹ kó tọ ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé àpótí kan díẹ̀. Ní orí káńtà, òṣìṣẹ́ yóò gbé e sórí òṣùwọ̀n, yóò so ìwé pélébé gígùn kan mọ́ ọn lọ́wọ́, yóò sì ya ẹ̀là kékeré kan lára ìwé náà fún ẹni tó ni ẹrù. Lórí ìwé yẹn ni lẹ́tà mẹ́ta gàdàgbà wà tí ń sọ pápákọ̀ òfurufú tí ẹrù ń lọ, bí LHR tó dúró fún Heathrow tàbí JFK tó dúró fún Kennedy ní New York. Àwọn ìlà dúdú tí ẹ̀rọ ń kà wà níbẹ̀, àti ẹyọ nọ́mbà 10 tí yóò jẹ́ orúkọ àpótí náà títí ìrìn àjò yóò fi parí. Orúkọ tí wọ́n sọ ẹni lọ́jọ́ ìkómọ kò já mọ́ nǹkan kan lójú ẹ̀rọ náà; nọ́mbà yìí ni ó mọ̀. Lẹ́yìn èyí ni àpótí yóò wọ ihò tó wà lẹ́yìn káńtà, ẹ̀rọ yóò wo inú rẹ̀ bóyá ohun eléwu wà níbẹ̀, bí ẹ̀rọ bá sì fura, òṣìṣẹ́ lè ṣí i láìsí ẹni tó ni ín nítòsí. Bélíìtì yóò gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ya ẹrù sọ́tọ̀, ẹnì kan yóò gbé e sórí ọmọlanke, ẹlòmíràn yóò wà á dé ẹ̀gbẹ́ bàálù, àwọn mìíràn yóò sì tò ó sínú ikùn rẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa ń kúnlẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn nítorí pé òrùlé ibẹ̀ kò ga. Bí ìrìn àjò bá ní ìdúró lágbedeméjì, wọn yóò tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọn yóò tún tò ó padà. Mo gbìyànjú láti ka iye ọwọ́ tí ó lè ti kan àpótí tèmi lọ́jọ́ náà, nítorí mo yí ọkọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan. Mo ka dé mẹ́wàá, mo sì fi í sílẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọwọ́ wọ̀nyẹn jẹ́ ọwọ́ olóòótọ́ tí iṣẹ́ ti sọ di líle, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ṣoṣo ti tó olè.

Láti oṣù kẹfà ọdún 2018 ni IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lágbàáyé, ti fi dandan lé e fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n máa ṣàkọsílẹ̀ àpótí ní ibi mẹ́rin: nígbà tí èrò bá fi í lé wọn lọ́wọ́, nígbà tí wọ́n bá gbé e sínú bàálù, nígbà tí wọ́n bá gbé e láti inú ọkọ̀ kan sí òmíràn, àti nígbà tí wọ́n bá dá a padà fún èrò. Ohun rere ni, òun ló sì jẹ́ kí wọ́n rí àpótí tèmi láàárín ọjọ́ mẹ́ta dípò oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ibi tí àpótí wà ni ìlànà yìí ń ṣọ́, kì í ṣọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àpótí lè dé pérépéré kí inú rẹ̀ má pé.

Ibi ìyípadà ọkọ̀ ni àpótí ti máa ń ṣìnà jù. Ẹsẹ̀ ènìyàn lè sáré, ó lè bẹ àwọn tó wà níwájú rẹ̀ lórí ìlà kí wọ́n jẹ́ kó kọjá. Àpótí kò ní ẹnu tí yóò fi bẹ̀bẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì báyìí, n kì í gba èyí tó fún mi ní ogójì ìṣẹ́jú láàárín bàálù kan sí èkejì, bó ti wù kí owó rẹ̀ dín kù tó. Mo sì máa ń wo lẹ́tà mẹ́ta orí ìwé àpótí kí n tó kúrò níwájú káńtà, kí n lè mọ̀ bóyá ìparí ìrìn àjò mi ni wọ́n kọ síbẹ̀ tàbí agbedeméjì rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, ẹni tó ń ti ilẹ̀ òkèèrè bọ̀ sábà máa ń ní láti gba àpótí rẹ̀ ní pápákọ̀ àkọ́kọ́ tó bá balẹ̀ sí, kí ó gbé e kọjá níwájú aṣọ́bodè, kí ó sì tún fi í lé wọn lọ́wọ́ bí ó bá ṣì ń lọ síwájú. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò dé ibi tó ń lọ, àpótí rẹ̀ yóò sì wà lẹ́yìn níbi tí bélíìtì ti ń yí i káàkiri.

Ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi ohunkóhun tí mo bá mú lọ́wọ́ báyìí kí n tó mọ ibi tí n ó fi í sí. Bí n kò bá rí i fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí mi? Bí n kò bá sì rí i mọ́ láé, ṣé owó lè rà á padà? Ohun tí ó bá yege nínú méjèèjì, kó máa bá àpótí lọ. Ohun tí ó bá fìdí rẹmi nínú ọ̀kan péré, ara mi ni yóò wà. Ó yà mí lẹ́nu bí ìbéèrè àkọ́kọ́ ṣe máa ń mú ohun tí kò níye lórí lọ́jà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹnì kan ń lò lójoojúmọ́ lè má wọ́n, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta láìlò ó kì í ṣe ohun kékeré, pàápàá ní ìlú tí ẹni náà kò ti mọ dókítà kankan. Mo máa ń fi tèmi sílẹ̀ nínú páálí tí wọ́n fi tà á, pẹ̀lú ìwé tí dókítà kọ, kí òṣìṣẹ́ ààbò má baà máa wò mí bí ẹni tó ń ta nǹkan. Bí oògùn náà bá jẹ́ olómi tó ju 100 ml lọ, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ kí àpò tó wọ inú ẹ̀rọ. Láti ọdún 2006 ni òfin tí kò gbà kí olómi inú àpò ọwọ́ ju 100 ml lọ nínú ìgò kan ti gbilẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń yọ oògùn àti oúnjẹ ọmọ ọwọ́ sílẹ̀. Gíláàsì ojú wà nínú ọ̀wọ́ yìí, àti kọ́kọ́rọ́ ilé, èyí tí mo ti rí kí ènìyàn jù sínú àpótí nítorí pé kò ní lò ó títí yóò fi padà sílé, tí àpótí sì wá ṣìnà nígbà àbọ̀, tí onílé wá di ẹni tí ń dúró níta ilé ara rẹ̀ lóru.

Ìbéèrè kejì ló mú aago, wúrà, lẹ́tà àtijọ́, àti fọ́tò tí kò ní ẹ̀dà. Òun náà ló mú kọ̀ǹpútà alágbèéká, kì í ṣe nítorí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bí kò ṣe nítorí iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Kí n tó kúrò nílé ni mo máa ń ṣe ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ náà sí ibòmíràn, nítorí olè lè gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹni pẹ̀lú, àní lábẹ́ àga. Ní ti owó, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní kí ẹni tó bá gbé owó tó ju iye kan lọ kọ ọ́ sílẹ̀ fún aṣọ́bodè: owó tó ju $10,000 lọ ní Amẹ́ríkà, €10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ń wọ tàbí tó ń jáde ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Òfin kò ní kí a má gbé e. Àìsọ ọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ka owó náà, ẹ lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kà á ní yàrá kọ̀rọ̀, kì í ṣe ní gbangba níbi tí gbogbo ojú ti ń wò.

Bátìrì kò dúró de ìbéèrè mi rárá, nítorí òfin ti dáhùn fún un. Páwá báńkì àti bátìrì líthíọ́ọ̀mù tí kò sí nínú ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ wọ inú àpótí tó ń lọ sí ikùn bàálù. Inú àpò ọwọ́ ni àyè wọn. Ìdí rẹ̀ yéni: bí bátìrì bá gbiná lẹ́bàá àga, òṣìṣẹ́ bàálù yóò rí èéfín, yóò sì bu omi lù ú, ṣùgbọ́n bí ó bá gbiná nísàlẹ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún àpótí, kò sí ọwọ́ tó lè dé ibẹ̀. Òdiwọ̀n tí wọ́n ń lò ni Wh, tí ń sọ bí agbára tí bátìrì lè gbà ṣe pọ̀ tó; èyí tí kò ju 100 Wh lọ kì í sábà nílò ìyọ̀ǹda; láti 100 dé 160, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Lára ọ̀pọ̀ páwá báńkì, òdiwọ̀n mìíràn, mAh, ni wọ́n kọ. Ẹ sọ nọ́mbà náà di púpọ̀ ní ìgbà 3.7, kí ẹ pín in sí 1,000. Èyí tí wọ́n kọ 20,000 mAh sí yóò fún yín ní 74 Wh, ọ̀nà rẹ̀ sì là.

Ọ̀fìn kan wà tí ń mú ẹni tó ti ṣe gbogbo èyí bó ti yẹ. Ẹnu ọ̀nà bàálù ló wà. Nígbà tí àyè ìkẹ́rùsí tó wà lókè orí bá kún, òṣìṣẹ́ yóò jáde, yóò ní kí àwọn tó kù fi àpò ọwọ́ wọn sílẹ̀ kí wọ́n lè gbé e sísàlẹ̀. Pẹ̀lú ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ìlà ń tì ẹni lẹ́yìn, ojú sì ń ti èrò láti dá àwọn ẹlòmíràn dúró. Báyìí ni oògùn, owó, ìwé ìrìnnà àti bátìrì tí a ti fara balẹ̀ yà sọ́tọ̀ yóò ṣe wọ ikùn bàálù láàárín ìṣẹ́jú kan, láìsí àgádágodo kankan. Mo rí bàbá àgbàlagbà kan tí ó fi àpò rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí kò rántí oògùn rẹ̀ títí tí bàálù fi gbéra, tí ó sì jókòó fún wákàtí mẹ́jọ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, tí ń ka wákàtí. Nítorí èyí ni mo ṣe máa ń fi àpò kékeré kan sínú àpò ọwọ́ mi, tí ó fẹ̀ tó ìwé àkọsílẹ̀ kan, tí ó ní okùn ọrùn. Gbogbo ohun tí ìbéèrè méjì yẹn mú ló wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ gba àpò ńlá, mo fa kékeré yọ, mo gbé e kọ́rùn, mo sì kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ láti ìgbà tí aago ti lọ, èyí ni mo fẹ́ràn jù, kò sì ná mi ní nǹkan kan ju àpò aláwọ̀ eérú kan tó ti gbó.

Ọ̀rọ̀ àgádágodo ti ń dúró, mo sì mọ̀ pé n kò lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó ti àpótí mi, ó sì tún ti í títí tí àpótí fi dé. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé síìpù aláwẹ́ méjì kò nílò kọ́kọ́rọ́. Ṣóńṣó báírò lásán lè la eyín síìpù láàárín, bí a bá sì wá wọ́ ọwọ́ síìpù náà lọ síwá sẹ́yìn, eyín rẹ̀ yóò tún padé bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àpótí oníke líle tí ń fi ìdè irin pa ẹnu dé kò ní àléébù yìí. Irú rẹ̀ ni mo ń lò báyìí, ó sì wúwo. Ní Amẹ́ríkà, àjọ TSA, tí ń ṣe àyẹ̀wò ààbò ní pápákọ̀, ní kọ́kọ́rọ́ àgbà tí ń ṣí àwọn àgádágodo kan tí wọ́n fọwọ́ sí, kí wọ́n lè yẹ inú àpótí wò láìfọ́ ọ. Èyí tí kò bá sí nínú irú rẹ̀, wọ́n lè já a. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2015, àwòrán àwọn kọ́kọ́rọ́ àgbà náà tàn ká íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D rọ irú wọn. Mo ṣì ń ti àpótí mi. Olè tí ń kánjú yóò yan èyí tí kò ní ìdènà rárá. Àmọ́ mo mọ̀ báyìí pé aṣọ ni mo ń tì mọ́ inú ibẹ̀. Ní ti ọ̀rá tí wọ́n ń fi wé àpótí yíká-yíká, n kò rí èrè rẹ̀ ju pé ó ń gbà á lọ́wọ́ òjò àti ìdọ̀tí. Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ yẹ ẹ́ wò yóò gé e, kò sì sí ẹni tí yóò wé e padà.

Kì í ṣe ojú ọ̀nà tí a kò rí nìkan ni nǹkan ti ń sọnù. Níbi àyẹ̀wò ààbò, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ àti gbogbo kámẹ́rà, a máa ń tú gbogbo ohun iyebíye wa sínú àwo fífẹ̀ kan, a ó tì í sínú ẹ̀rọ, a ó sì wá dúró sẹ́yìn pẹ̀lú ọwọ́ lókè kí wọ́n tó ní ká kọjá. Láàárín ìgbà yẹn, ẹni tó wà níwájú wa ti dé ìdí àwo wa. Mo ti jáwọ́ nínú títo fóònù àti bélíìtì àti owó wẹ́wẹ́ sínú àwo. Orí ìlà ni mo ti máa ń kó wọn sínú àpò ọwọ́, tí n ó pa síìpù rẹ̀ dé, kí ó jẹ́ pé nǹkan kan ṣoṣo ni mo ń tì lọ, nǹkan kan ṣoṣo ni mo sì ń wá lódìkejì. N kì í rìn síwájú títí n ó fi rí i pé àpò náà ti wọ ẹnu ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún àyẹ̀wò àfikún, mo máa ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé mo fẹ́ kí àpò mi wà níbi tí ojú mi ti lè tó o. Kò sí ẹni tó tíì bínú sí mi nítorí rẹ̀.

Nínú bàálù pẹ̀lú, olè wà, pàápàá ní ìrìn òru gígùn nígbà tí iná ti kú, tí èrò sì ti sùn. Ẹni tí ń ṣí ibi ìkẹ́rùsí lókè orí ẹlòmíràn kì í jọ olè, a kì í sì í fura sí i, nítorí gbogbo wa gbà pé tirẹ̀ ló ń wá. Ẹ má gbé àpò sí ẹ̀yìn ibi tí ẹ jókòó sí. Iwájú tàbí òdìkejì ni kó wà, níbi tí ẹ ti lè rí ẹni tó ń ṣí i, kí ẹnu síìpù rẹ̀ sì kọjú sí ògiri. Àpò kékeré olókùn kì í lọ sókè. Abẹ́ àga iwájú ni, ẹsẹ̀ mi sì máa ń wà nínú okùn rẹ̀. Ìgbàgbé ni mo bẹ̀rù jù nípa àpò ẹ̀yìn àga tí wọ́n ń fi ìwé ìròyìn sí. Ibojì ìwé ìrìnnà ni.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí gbogbo ìtọ́jú yìí gbọ́dọ̀ dópin sí, bí n kò bá sì sọ ọ́, ó dà bíi pé mo ti tan yín jẹ. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 2024, ní pápákọ̀ Haneda ní Tokyo, bàálù èrò kan tó ń balẹ̀ kọlu ọkọ̀ òfurufú àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun lójú ọ̀nà, ó sì gbiná. Márùn-ún nínú àwọn mẹ́fà tó wà nínú ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ náà kú. Ènìyàn 379 tó wà nínú bàálù èrò jáde láàyè, kí iná tó jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì fi ẹrù wọn sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá dúró fa àpò yọ nínú irú ọ̀nà tóóró bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló fi ń san owó àpò náà. Ohun tó wà lọ́rùn mi lásìkò náà ni yóò bá mi jáde. N kò ní bẹ̀rẹ̀ wá òmíràn.

Mo lè yára kọjá lórí àmì ara ẹrù. Ẹ já gbogbo ìwé ìrìn àjò àtijọ́ kúrò lára àpótí, kí ẹ̀rọ má baà ka ti èṣí. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́mbà fóònù yín síta, kí ẹ tún kọ ọ́ sórí ìwé kan nínú, nítorí ti ìta lè já. Àdírẹ́sì ilé kò yẹ kó wà níta níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè mọ̀ pé ilé náà ṣófo. Àpótí dúdú pọ̀ bí eèrà lórí bélíìtì. Ẹ so nǹkan aláwọ̀ kan mọ́ tiyín, kí ẹ sì fi nọ́mbà 10 yẹn wé ti ọwọ́ yín kí ẹ tó gbé e jáde. Láti ọdún 2021 tí AirTag ti jáde ni mo ti ń rí i tí àwọn èrò ń fi ẹ̀rọ kékeré olùtọ́pa sínú àpótí. Mo ní ọ̀kan báyìí. Kò lè dá olè dúró, ṣùgbọ́n nígbà tí òṣìṣẹ́ kan bá ń sọ fún mi pé àpótí mi wà lọ́nà, mo lè fi hàn án lórí fóònù pé ó ṣì wà ní pápákọ̀ tí mo ti kúrò lánàá, ọ̀rọ̀ a sì yí padà. Ẹ má sì gba ẹrù ẹni tí ẹ kò mọ̀ sínú tiyín, bó ti wù kó kéré tó.

Ohun tí òfin sọ gba ìfarabalẹ̀ ju àmì lọ. Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999 ni ó ń darí ọ̀rọ̀ yìí fún ìrìn àjò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè. Ó ní bí àpótí bá bàjẹ́, ọjọ́ 7 ni èrò ní láti kọ̀wé ẹ̀sùn lẹ́yìn tó bá gbà á. Bí ó bá pẹ́ kó tó dé, ọjọ́ 21 láti ọjọ́ tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Bí kò bá sì dé lẹ́yìn ọjọ́ 21, èrò lè bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹ̀tọ́ ẹni tí ẹrù rẹ̀ ti sọnù. Ọdún méjì ni ààyè tó wà láti pe ẹjọ́. Iye tó pọ̀ jù tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lè san fún èrò kan lórí ẹrù jẹ́ 1,519 SDR láti ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún 2024, SDR sì jẹ́ òdiwọ̀n owó tí àjọ IMF ń ṣírò láti ara owó mélòó kan lágbàáyé. Kì í sábà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ì báà jẹ́ dáyámọ́ńdì ló wà nínú àpótí, àyàfi bí èrò bá ti kéde iye rẹ̀ ní orí káńtà, tó sì san àfikún owó bí wọ́n bá béèrè rẹ̀. Mo ti rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò sì tíì rí ẹnì kan tó ṣe irú ìkéde bẹ́ẹ̀ níwájú mi. Fún àpò tó wà lọ́wọ́ èrò fúnra rẹ̀, ilé iṣẹ́ náà kì í san nǹkan àyàfi bí ó bá jẹ́ pé àwọn ló ṣẹ̀.

Gbogbo èyí kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró bí èrò bá kúrò ní gbọ̀ngàn ìgbẹ́rù láìgba ìwé. Bí àpótí kò bá jáde, tàbí tó jáde ní fífọ́, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn ẹrù kí ẹ tó kọjá sí ìta, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní PIR, kí wọ́n sì fún yín ní nọ́mbà rẹ̀. Ẹ̀là kékeré tí wọ́n ya fún yín ní káńtà ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè. Èmi gba PIR fún àpótí tó pẹ́. Mo kọ̀wé ní ọjọ́ kejì tí ó dé, mo sọ pé aago kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n san owó aṣọ àti búrọ́ọ̀ṣì eyín tí mo rà ní ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi dúró, nítorí mo ní rìsíìtì wọn. Nípa aago, obìnrin oníwà tútù kan pè mí lórí fóònù, ó ní kí n jọ̀wọ́ fi rìsíìtì rẹ̀ ránṣẹ́, tàbí fọ́tò tí ó fi í hàn, tàbí nọ́mbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá mi ló rà á, kí wọ́n tó bí mi. Mo sọ fún un pé n ó wá fọ́tò. Mo tú gbogbo ohun tí ó wà nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo rí ọ̀kan ṣoṣo tí bàbá mi ti jókòó, tí ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sórí tábìlì bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀. Apá ẹ̀wù rẹ̀ gùn dé ọrùn ọwọ́. Bí a bá wò ó dáadáa, ibi tí aago wà ga díẹ̀ lábẹ́ aṣọ náà.